Bí a ṣe ń dúró ti ọmọ tí ìjà ti sọ ilé rẹ̀ di ibi ẹ̀rù

Igbe ta lóru, gbogbo àdúgbò gbọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ ilé yẹn gbé àpò ìwé kọ́ èjìká, ojú rẹ̀ wú, kò wo ẹnikẹ́ni lójú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí kò rí irú ọmọ yìí rí. Ohun tí a sì sábà máa ń ṣe kò ju mẹ́ta lọ. A lè lọ bá ẹni tó ń lu èèyàn jà lójú ọmọ. A lè fa ọmọ sí kọ̀rọ̀ kí a máa da ìbéèrè bò ó bí ọlọ́pàá. A sì lè káwọ́ gbera, kí a ní ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, kò kàn wá. Èyí àkọ́kọ́ lè mú kí wọ́n lu ìyá náà sí i nígbà tí ilẹ̀kùn bá padé. Èkejì ń pa ọmọ lẹ́nu mọ́. Ẹ̀kẹta ló burú jù lójú tèmi, nítorí ọmọ náà á gbà pé gbogbo àgbà ló mọ̀, kò kàn sí ẹni tó bìkítà.

Àgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún tí kálukú mọ iṣẹ́ tirẹ̀, tí wọn kò sì ní fọ́n ká lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílò. Bí a ṣe ń kó wọn jọ láìdá wàhálà kún wàhálà ni mo fẹ́ là sílẹ̀ níbí, fún aládùúgbò, tíṣà, mọ̀lẹ́bí, àti ẹnikẹ́ni tó ń rí ọmọ náà déédéé.

Mo ń sọ pé "ìyá" fún òbí tí wọ́n ń lù nítorí pé àwọn ni wọ́n pọ̀ jù. Bàbá náà wà tí wọ́n ń lù. Ìgbésẹ̀ kan náà ni.

Bí ìjà náà bá ń lọ lọ́wọ́ báyìí, ẹ dáwọ́ ìwé kíkà dúró. Ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì ibi tí ẹ wà, ẹ sọ pé ọmọ wà nínú ilé náà, ẹ má sì dá nìkan wọlé.

## Ohun tí ẹ nílò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Nọ́ńbà tí ẹ ti dán wò. Ti ọlọ́pàá, ti ọ́fíìsì wẹ́fíà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé, ti ilé ìwòsàn tó ń gba ẹni tí wọ́n ṣe léṣe lóru, àti ti ilé ààbò bó bá wà. Ẹ pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kí ọjọ́ tí ẹ máa nílò rẹ̀ tó dé. Ẹ bi ilé ààbò léèrè bóyá wọ́n ń gba ìyá àti ọmọ pọ̀, kí ẹ sì béèrè nípa ọmọkùnrin tó ti ń bàlágà, torí àwọn kan kì í gbà wọ́n. Kò dáa kí ìyá tó sá jáde ní aago méjì òru ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ìyẹn lẹ́nu ọ̀nà.

Ohun tí òfin béèrè lọ́wọ́ yín. Ní ọ̀pọ̀ ibi, dandan ni kí tíṣà, nọ́ọ̀sì tàbí dókítà tó bá fura pé wọ́n ń ṣe ọmọ níbi fi tó àwọn aláṣẹ létí. Ẹ mọ̀ bóyá ẹ wà lára wọn, torí ó máa pinnu ohun tí ẹ lè ṣèlérí fún ọmọ náà àti ohun tí ẹ kò lè ṣèlérí.

Ìwé kékeré kan tó ṣeé tì mọ́ àpótí. Ẹ má kọ nǹkan wọ̀nyí sórí fóònù tí gbogbo ilé ń gbà lò.

Ibi kan tí ọmọ lè jókòó sí tí kò ní dà bíi pé wọ́n pè é wá jẹ́jọ́.

Ẹnìkan tí ẹ̀yin fúnra yín lè bá sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ pé inú irú ilé bẹ́ẹ̀ lẹ ti dàgbà, èyí ló ṣe pàtàkì jù. Ọgbẹ́ tiyín lè ṣí lójijì, kí ẹ wá máa jà ìjà ìgbà èwe yín nínú ọ̀rọ̀ ọmọ ọlọ́mọ.

## Ìpele 1: Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó sọ ohunkóhun

Ní ọdún 2017, UNICEF ṣírò rẹ̀ pé nínú ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 5 lágbàáyé, ọ̀kan ń gbé pẹ̀lú ìyá tí ọkọ tàbí olólùfẹ́ rẹ̀ ń hùwà ipá sí. Púpọ̀ nínú wọn kò lè sọ ọ́. Ara wọn ló ń sọ ọ́.

Ọmọ ọwọ́ lè máa sunkún láìgba ìpẹ̀, kó má sùn, kó má jẹun dáadáa. Ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún lè padà sí títọ̀ sílé lẹ́yìn tó ti jáwọ́, tàbí kó so mọ́ ìyá rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ọmọ iléèwé á ní inú ń run òun, orí ń fọ́ òun, dókítà á wò ó kò ní rí nǹkan kan. Òmíràn á máa lu ọmọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ti bàlágà lè sá kúrò nílé, tàbí kí wọ́n sọ ara wọn di òbí àwọn àbúrò wọn.

Mo bá ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án kan pàdé tó máa ń wọ bàtà sùn. Ìyá rẹ̀ rò pé oríkunkun ni. Ọmọ náà so okùn bàtà náà le débi pé ó fa ilà sí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí a jókòó tì í, tí kò sẹ́ni tó bá a wí, ó ní bí òun bá ní láti gbé àbúrò òun sáré, òun kò fẹ́ tẹ gíláàsì mọ́lẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ "mọ́" yẹn ni mo gbé relé lọ́jọ́ náà.

Ẹ ṣọ́ra fún ọmọ tí kò ní wàhálà kankan: èyí tó ń gbálẹ̀ láìrán, tí kì í béèrè nǹkan kan, tó ń wo ojú àgbà kó tó rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa la máa ń yìn ín. Ó lè jẹ́ pé ó ti kọ́ láti má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun ni.

Àwọn àmì kan wà tí kò yẹ kí ẹ fi falẹ̀ rárá. Ẹ̀jẹ̀ tó dì sábẹ́ awọ lára ọmọ tí kò tíì pé oṣù 5, níbikíbi tó bá wà, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an. Ọmọ tí kò tíì lè rá kì í sábà fi ara rẹ̀ gbá nǹkan. Bẹ́ẹ̀ náà ni bó bá wà létí, lọ́rùn, láyà, níkùn tàbí lẹ́yìn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 4. Eékún àti iwájú orí ni ọmọ tó ń sáré kiri sábà máa ń fi ṣubú.

Ní ti àwọn àmì yòókù, ibi tí a ti ń ṣìnà ni pé a máa ń rí ẹyọ kan ṣoṣo, a ó sì ti dájọ́. Títọ̀ sílé lè wá láti inú àìsàn. Ẹ kó wọn jọ kí ẹ tó sọ̀rọ̀.

*Ẹ yẹ ara yín wò:* Ṣé ẹ lè kọ nǹkan mẹ́ta tí ẹ fojú ara yín rí tàbí fetí ara yín gbọ́, pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò, láìlo "ó dà bíi pé" tàbí "wọ́n ní"? Bí ẹ kò bá lè ṣe é, ẹ ṣì wà ní ìpele kìíní.

## Ìpele 2: Ẹ bá ìyá náà sọ̀rọ̀ lóun nìkan

Ààbò ọmọ àti ààbò òbí tí wọ́n ń lù kì í sábà ṣeé yà sọ́tọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọmọ sílẹ̀ tó sì fi ìyá rẹ̀ sẹ́yìn ti fi ìdajì iṣẹ́ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ìyá náà ló ń ṣe ọmọ níbi, ẹ kọjá ìpele yìí, ẹ lọ sí ìpele kẹfà tààrà.

Ojúkojú ni kí ó jẹ́. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù, torí ẹni tó ń lu èèyàn sábà máa ń yẹ fóònù ẹni tó ń lù wò. Ẹ wá àkókò tí ìyá náà ti jáde nílé fún ìdí mìíràn. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí, kí ẹ sì dákẹ́: "Mo gbọ́ ariwo lálẹ́ Ọjọ́rú. Ọkàn mi ń bá ẹ̀yin àti ọmọ lọ. Ṣé ibi tí ẹ wà dára fún yín?" Bí ó bá ní kò sí nǹkan kan, ẹ má jiyàn. Ẹ sọ pé, "Ó dáa. Bí nǹkan bá yí padà, mo wà níbí." Ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹ̀ẹ̀kẹta tàbí ẹ̀ẹ̀kẹrin ni ẹnu tó ń là.

Gbólóhùn kan wà tó ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, òun náà ni pé, "Kí lẹ ṣe fún un?" Ẹ má sọ ọ́ láé, ì báà jẹ́ pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́.

Ẹ má sì sọ fún un pé kó kó ẹrù rẹ̀ lọ́la. Àkókò tí ẹni tí wọ́n ń lù bá fẹ́ lọ, àti kété lẹ́yìn tó bá lọ, ni ewu máa ń ga jù, torí ẹni tó ń lù ú rí i pé ìjánu ti ń bọ́ lọ́wọ́ òun. Àtilọ gba ètò: ìwé ìbí ọmọ, oògùn, owó díẹ̀, kọ́kọ́rọ́, aṣọ ọmọ, kí gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tí ó fọkàn tán níta ilé.

Bí ó bá ti ń sọ̀rọ̀, ẹ tẹ́tí sí àwọn nǹkan wọ̀nyí: ṣé ẹni tó ń lù ú ti fún un lọ́rùn rí? Ṣé ohun ìjà wà nílé? Ṣé ó ti sọ pé òun máa pa á, tàbí pa àwọn ọmọ, tàbí pa ara òun? Ṣé ìyá náà lóyún? Ṣé ó ń tẹ̀ lé e kiri? Ti ọrùn yẹn ni kí ẹ mú le jù. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2008, fi hàn pé obìnrin tí ọkọ tàbí olólùfẹ́ rẹ̀ ti fún lọ́rùn rí wà nínú ewu pípa ní nǹkan bí ìlọ́po 7 ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọn kò fún lọ́rùn. Bó bá jẹ́ láìpẹ́ yìí ló ṣẹlẹ̀, ilé ìwòsàn ni kó lọ, àní bí kò bá sí àpá kankan lọ́rùn rẹ̀. Ohun tó ti bàjẹ́ nínú lè má hàn lóde, ó sì lè gba ọjọ́ díẹ̀ kó tó dá èèyàn dùbúlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pípe tọkọtaya jókòó láti bá wọn parí ìjà ńkọ́? Ẹ má ṣe é. Mo mọ̀ pé ọkàn rere ló ń gbé e wá. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹnìkan ti ń bẹ̀rù ẹnìkejì, ohun tó bá sọ níwájú àgbà lọ́sàn-án ni wọ́n máa fi lù ú lálẹ́. Bí wọ́n bá sì pe ọmọ wá jẹ́rìí ní irú ìjókòó bẹ́ẹ̀, wọ́n ti fi ọmọ sáàárín iná.

*Ẹ yẹ ara yín wò:* Ìyá náà ti sọ àkókò kan àti ọ̀nà kan tí ẹ lè gbà kàn sí i láìsí ewu. Ẹ̀yin méjèèjì sì ti fohùn ṣọ̀kan lórí gbólóhùn kan tí ẹlòmíràn kò lè fura sí, bíi "ẹ bá mi mú agboòrùn mi wá", tí ó túmọ̀ sí pé kí ẹ pe ọlọ́pàá.

## Ìpele 3: Bí ọmọ bá la ẹnu

Ìpele yìí ni mo fẹ́ kí ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ kì í ṣètò ìgbà tí òun máa sọ̀rọ̀. Inú mọ́tò ló máa ti sọ ọ́, tàbí nígbà tí ẹ bá ń fọ abọ́ pọ̀, tí kò sí ẹni tó ń wo ẹlòmíràn lójú. Á sọ ọ́ bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan: "Dádì ju àga lu mọ́mì lánàá." Lẹ́yìn náà á dákẹ́ láti wo ohun tí ojú yín máa ṣe.

Ẹ jẹ́ kí ojú yín dúró. Bí ẹ bá pariwo "Áà!", á rò pé òun ti ṣe nǹkan burúkú, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú yín dípò kí ẹ tọ́jú òun. Ẹ máa bá iṣẹ́ ọwọ́ yín lọ bó bá jẹ́ òun ló mú kó rọrùn fún un.

Ìbéèrè tí ẹ lè bi í kò pọ̀: "Sọ fún mi sí i." "Kí ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn?" "Níbo ni ìwọ wà nígbà yẹn?" Ẹ yàgò fún ìbéèrè tí ìdáhùn ti wà nínú rẹ̀, irú "Ṣé ó ti mutí ni?" tàbí "Ó máa ń lu ìwọ náà, àbí?" Ọmọ tó fẹ́ tẹ́ àgbà lọ́rùn á ní bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà, ní kóòtù, agbẹjọ́rò á ní ẹ̀yin lẹ fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Ẹ má sì bi í pé "kí ló dé tí o kò ti sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀?" Ẹ̀bi lẹ ń gbé lé e lórí yẹn.

Ohun tí ọmọ nílò láti gbọ́ kúrú:

"O ṣeun tí o sọ fún mi. Mo gbà ọ́ gbọ́. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Àwọn àgbà ló ni iṣẹ́ àti tún un ṣe, ìwọ kọ́."

Gbólóhùn "kì í ṣe ẹ̀bi rẹ" yẹn, ẹ tún un sọ lọ́jọ́ mìíràn, àti lọ́jọ́ mìíràn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló gbà pé torí òun da omi nù, tàbí torí èsì ìdánwò òun, ni ìjà fi bẹ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló máa sọ ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ àgbà lẹ́rù: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni." Ibẹ̀ ni a ti ń kọsẹ̀. Àánú rẹ̀ ń ṣe wá, a ó ní a ti gbọ́, a kò ní sọ. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wẹ́fíà dé ẹnu ọ̀nà, ọmọ náà sì mọ ẹni tó dalẹ̀ òun. Ẹ sọ òótọ́ fún un: "Mi ò lè ṣèlérí pé mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè ràn yín lọ́wọ́ nìkan ni màá sọ fún, màá sì jẹ́ kí o mọ̀ kí n tó sọ ọ́." Ojú rẹ̀ lè fà ro lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kó fà ro. Ìgbẹ́kẹ̀lé tó dúró lórí òótọ́ á padà wá.

Bí ara rẹ̀ bá ń gbọ̀n tàbí tó ń mí gúlegúle, ẹ dá ọ̀rọ̀ dúró ná, ẹ mú un padà sínú ara rẹ̀. Kó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀. Kó sọ nǹkan márùn-ún tó ń rí, mẹ́rin tó lè fọwọ́ kàn, mẹ́ta tó ń gbọ́, méjì tó ń gbóòórùn, ọ̀kan tó lè tọ́ wò. Fún ọmọ kékeré, ẹ ní kó ṣe bí ẹni tó ń rọra fẹ́ ìyẹ́ kúrò lórí ọwọ́. Ẹ má dì mọ́ ọn láìbéèrè. Ọwọ́ àgbà tó sún mọ́ ọn lójijì lè jẹ́ ẹ̀rù lójú rẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ kọ ohun tó sọ sílẹ̀ ní ẹnu tirẹ̀ gan-an. Bó bá ní "ó kan mọ́mì mọ́ ògiri", ẹ má kọ "ó hùwà ipá sí i". Ẹ kọ ọjọ́, àkókò, ibi tí ẹ wà, àti ìbéèrè tí ẹ bi í. Lẹ́yìn èyí, ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn nínú yín tún pè é kó wá tún ìtàn náà sọ. Sísọ ọ́ fún àgbà márùn-ún dà bí ìgbà tí wọ́n ń ṣí egbò lẹ́ẹ̀marùn-ún.

*Ẹ yẹ ara yín wò:* Ọmọ náà mọ ohun tó kàn tí ẹ máa ṣe. Nígbà tí ẹ sì tún rí i lọ́jọ́ kejì, ẹ bá a sọ̀rọ̀ eré tàbí iṣẹ́ iléèwé gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe máa ń ṣe, kí ó rí i pé òun kò tíì di "ọmọ tí wọ́n ń káàánú" lójú yín.

## Ìpele 4: Ètò ààbò tí ọmọ lè rántí nínú ẹ̀rù

Ẹ ṣe é pẹ̀lú ìyá náà bó bá ṣeé ṣe. Kó kúrú, torí ọmọ tí ẹ̀rù ń bà kì í rántí ju nǹkan mẹ́ta lọ.

Àkọ́kọ́: *má bọ́ sáàárín.* Èyí le jù fún ọmọkùnrin tó ti ń dàgbà, tó gbà pé iṣẹ́ òun ni láti gba ìyá òun. Ẹ sọ fún un pé bí òun kò bá fara pa, ìyá òun ní ohun kan tí kò ní í máa dààmú lé lórí, ìyẹn gan-an sì ni ìrànlọ́wọ́.

Èkejì: *ibo ni kí o lọ?* Kí ó jìnnà sí ilé ìdáná, torí ọ̀bẹ wà níbẹ̀. Kí ó má jẹ́ yàrá tó ní ilẹ̀kùn kan ṣoṣo bí ọ̀nà mìíràn bá wà. Bó bá lè jáde, ilé ta ni, ilẹ̀kùn wo ló máa kàn? Bí àwọn yẹn kò bá sí nílé ńkọ́?

Ẹ̀kẹta: *ta ni kí o pè?* Kó mọ nọ́ńbà pàjáwìrì lórí, àti orúkọ rẹ̀ ní kíkún, àti ibi tí ilé wọn wà. Kó mọ̀ pé òun lè sọ pé "wọ́n ń lu mọ́mì mi", kó sì gbé fóònù náà sílẹ̀ láìpa á bó bá léwu láti máa sọ̀rọ̀. Kó má pe fóònù náà níwájú ẹni tó ń jà.

Ibi tí a ti ń ṣìnà: a máa ń ya àwòrán ètò náà, a ó fi sínú àpò ìwé ọmọ. Ẹni tó ń lù wọ́n á rí i. Orí ọmọ nìkan ni kó wà. Ẹ má sì jẹ́ kó dà bíi pé ọmọ ọdún mẹ́jọ ni olórí ààbò gbogbo ilé. Bó bá ní àbúrò, kó mú un lọ́wọ́ bó bá wà nítòsí rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ padà wọlé lọ wá a.

*Ẹ yẹ ara yín wò:* Ẹ ní kó sọ ọ́ fún yín ní ẹnu ara rẹ̀. Ẹ jọ rin ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀kan lójú ọ̀sán bí ẹni ń ṣeré. Bí ó bá dúró ronú níbi kan, ibẹ̀ ni kí ẹ tún ṣe. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ tún bi í.

## Ìpele 5: Ẹ pín iṣẹ́ náà

Àwọn onímọ̀ nípa ìdàgbàsókè ọmọdé ní yunifásítì Harvard kọ ọ́ ní 2015 pé ohun tó wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn ọmọ tó la ìpọ́njú já ni pé ó kéré tán, àgbà kan wà tó dúró tì wọ́n gbágbágbá. Ọ̀kan péré. Ṣùgbọ́n àgbà kan lè ṣàìsàn, ó lè kó lọ, ó lè rẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ mẹ́rin tàbí márùn-ún.

Bí mo ṣe máa ń pín in: ẹnìkan ni ọmọ ń sá wá bá. Ẹnìkan ń bá ìyá rìn lọ sí ọ́fíìsì àti ilé ìwòsàn. Tíṣà kan ń wò ó ní iléèwé. Ẹnìkan ń rí sí iṣẹ́ àṣetiléwá àti eré, ní ọjọ́ kan náà àti aago kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹnìkan tó kù ń tọ́jú ìwé, ó sì ń pe ọ́fíìsì tí kò tíì dáhùn. Ẹ má fojú kéré ẹni eré. Fún ọmọ tí kò mọ ohun tí alẹ́ máa mú wá, aago mẹ́rin ọjọ́ Sátidé tí kì í yẹ̀ jẹ́ oògùn.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ mọ gbogbo nǹkan. Tíṣà nílò láti mọ̀ pé alẹ́ àná kò dáa, kó má fi ọmọ náà jẹ ẹgba ọ̀rọ̀ nítorí àìṣe àṣetiléwá, kó jẹ́ kó lè jáde kúrò ní kíláàsì fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìṣàlàyé, kó sì mọ ẹni tí wọ́n lè fa ọmọ lé lọ́wọ́ ní òpin iléèwé. Kò nílò kúlẹ̀kúlẹ̀, irú ìtàn oyún ìyá tó bàjẹ́. Ní England, láti 2011 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí ọlọ́pàá fi ń sọ fún iléèwé, kí ọjọ́ iléèwé tó kàn tó bẹ̀rẹ̀, pé ìjà ṣẹlẹ̀ nílé ọmọ kan. Níbi tí irú ètò bẹ́ẹ̀ kò bá sí, ìyá tàbí ẹnìkan nínú yín lè ṣe é pẹ̀lú gbólóhùn kan: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wò ó fún wa lónìí."

Ẹ má dá ẹgbẹ́ WhatsApp sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀rẹ́ kan á gbé e fún ọ̀rẹ́, yóò sì dé etí ẹni tí kò yẹ kó gbọ́. Ẹ má sì fi mọ̀lẹ́bí ẹni tó ń lu èèyàn sínú àwọn márùn-ún, bó ti wù kó jẹ́ ọmọlúàbí tó, àyàfi bí ìyá náà fúnra rẹ̀ bá yàn án.

## Ìpele 6: Ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ aláṣẹ

Bí wọ́n bá ti ṣe ọmọ léṣe, bí wọ́n bá ń halẹ̀ ikú, bí ohun ìjà bá wà níbẹ̀, tàbí bí òfin bá sọ ọ́ di dandan fún yín, ẹ má dúró de àṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí ìyá mọ̀ ṣáájú bí kò bá ní dá ewu sílẹ̀. Ẹni tó ń lù ú kò gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu yín.

Ẹ sọ orúkọ àti ọjọ́ orí ọmọ, ibi tó wà báyìí, ohun tí ẹ rí àti ọjọ́ tí ẹ rí i, àwọn ọmọ mìíràn tó wà nínú ilé, àti àkókò tí wọ́n lè wá láìsí ewu. Ẹ gba orúkọ òṣìṣẹ́ tó bá yín sọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà ìwé ẹ̀sùn. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ẹ pè wọ́n padà.

Wọ́n lè bi yín pé, "Ṣé wọ́n lu ọmọ náà fúnra rẹ̀?" bíi pé bí wọn kò bá lù ú, ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹ má jẹ́ kó tán síbẹ̀. Abala 19 nínú Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 1989 ní kí ìjọba dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ gbogbo ìwà ipá, ti ara àti ti ọkàn. Òfin tí wọ́n ṣe fún England àti Wales ní 2021 tilẹ̀ ka ọmọ tó rí i tàbí tó gbọ́ ọ kún ẹni tí wọ́n ṣe níbi. Abala 12 àdéhùn yẹn sì fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ láti sọ èrò rẹ̀ lórí ohun tó kàn án. Ẹ béèrè pé kí ẹnìkan tó fọkàn tán jókòó tì í nígbà tí wọ́n bá ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò.

*Ẹ yẹ ara yín wò:* Orúkọ òṣìṣẹ́, nọ́ńbà, àti ọjọ́ tí ẹ máa pè padà ti wà nínú ìwé.

## Ìpele 7: Lẹ́yìn tí ariwo bá rọlẹ̀

Ibí yìí ni gbogbo èèyàn ti ń lọ. Wọ́n ti kó kúrò, tàbí ẹni tó ń jà ti jáde nílé, a ó ní ó ti parí. Fún ọmọ, ó lè jẹ́ pé ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ìgbà tí ibẹ̀ pa rọ́rọ́ ni ẹ̀rù tó ti gbé mì ń padà gòkè wá.

Ó lè máa sunkún pé òun fẹ́ rí bàbá òun. Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu, ẹ má sì sọ pé "èèyàn burúkú yẹn?" Ọmọ lè nífẹ̀ẹ́ ẹni tó ń bẹ̀rù. Ẹ sọ pé, "O lè nífẹ̀ẹ́ dádì rẹ, kí ohun tó ṣe má sì dáa." Bó bá ń lu ọmọ mìíràn, ẹ dá a dúró láìlù ú, láìpariwo: "Mi ò ní jẹ́ kí o lù ú. Inú ń bí ọ. Wá ká jọ rìn." Ọmọ tó wá láti ilé ìjà ń wò bóyá àgbà lè bínú kó má lu èèyàn. Ẹ̀yin ni ẹ máa fi hàn án.

Bí àlá burúkú, ìtagìrì tàbí àìsùn bá kọjá oṣù kan tí kò dínkù, ẹ wá olùtọ́jú ọkàn tó mọ iṣẹ́ ọmọdé. Ìtọ́jú kan wà tí wọ́n ti dán wò gan-an fún irú ọgbẹ́ yìí, tí ọmọ àti òbí tí kò ṣe é níbi jọ ń lọ, ó sì sábà máa ń tó ìjókòó 12 sí 16. Bó bá jẹ́ pé ọmọ náà ń sọ pé òun fẹ́ kú tàbí tó ń ṣe ara rẹ̀ léṣe, ẹ má dúró de oṣù kankan.

Ẹ kọ oṣù kẹta, oṣù kẹfà àti ọdún kan sórí kàlẹ́ńdà. Lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan yẹn, kí àwọn márùn-ún pàdé fún wákàtí kan, kí ẹ wo ìwé: oorun ńkọ́, iléèwé ńkọ́, ta ni kò rí i mọ́ láàárín yín, kí ló dé?

Ọmọ tó ń wọ bàtà sùn yẹn, oṣù kẹfà ni ìyá rẹ̀ tó rí bàtà náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn lówùúrọ̀ ọjọ́ kan. Ó pè mí, kò lè sọ̀rọ̀ dáadáa. Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹnìkan gbá ilẹ̀kùn mọ́ nítòsí wọn, ọmọ náà tún wọ bàtà sùn fún alẹ́ mẹ́ta. A kọ méjèèjì sínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ wọn.